Ọwọ́ Tó Gé Àjàgbọn Orí Àpáta

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Ẹni tó bá rí àga kó fà á súnmọ́ mi, ẹni tí kò bá rí kó na ẹsẹ̀ sórí ẹní. Ẹ pa ariwo fóònù yín, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi etí kan gbọ́. Ẹ ní kí n sọ iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun fún yín, kí ẹ lè mọ èyí tí ẹ̀yin náà yóò yàn. Màá sọ ọ́. Ẹ má kàn retí pé màá ní kí ẹ wá ṣe é. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe é, ẹnu ṣì ń yà mí títí di òní pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà.

Igi ni mo tọ́jú. Kì í ṣe igi oko, kì í ṣe igi pákó. Igi tó dàgbà ju bàbá yín lọ, tí ẹ sì lè gbé sórí tábìlì. Bọ́ńsáì ni àwọn tó ni iṣẹ́ náà láti òkèèrè ń pè é. Àwa ní ọgbà ń pè é ní igi àwo, nítorí inú àwo pẹrẹsẹ ló ń gbé. A kì í gbin èso rẹ̀. Orí àpáta la ti ń wú u, níbi tí ìyà ti sọ ọ́ di aràrá, a ó wá fi wáyà àti àlùmọ́gàjí kọ́ ọ ní ìdúró tuntun.

Ìyá mi ń ta ọsàn ní ọjà èso Zuba nígbà náà, èmi ni mo sì máa ń já ọsàn kúrò nínú ọkọ̀ fún wọn. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá ra ọsàn. Ó gbé igi odán kan sórí ìjókòó iwájú nínú píkọ́ọ̀pù rẹ̀, ó fi bẹ́líìtì ọkọ̀ dè é bí ẹni gbé ìyàwó tuntun. Mo yọjú wò ó. Odán gidi ni, irú èyí tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí gbòǹgbò ń já bọ́ láti ara ẹ̀ka, tí ara rẹ̀ hun jọ bí ẹ̀yìn ọwọ́ arúgbó. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀, látìdí dé orí, kò ga dé orúnkún mi.

Ìyá mi fà mí sẹ́yìn. "Má fọwọ́ kàn án o! Ẹni tó lè sọ odán di báyìí, kí ni yóò fi ọmọ ọlọ́mọ dà?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá ọlọ́sàn, ẹ fọkàn balẹ̀. Omi àti sùúrù ni gbogbo oògùn tí mo lò sí i."

"Ẹ ẹ́n, sùúrù," ni ìyá mi wí. "Ọmọ mi yìí ò ní rárá. Bí ẹ bá ní àṣẹ́kù, ẹ bù fún un."

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá Múfú nìyẹn. Ti owó iṣẹ́, ẹ jẹ́ ká fò ó. Nígbà mìíràn ó ń wọlé, nígbà mìíràn a jọ ń wo ojú ara wa ni.

Ọmọ Ọ̀ffà ni Ọ̀gá Múfú. Nígbà tí wọ́n ń la títì olú-ìlú tuntun yìí, Ọ̀gá bá ẹ́ńjíníà ará Jàpáàn kan tọ́jú ọgbà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́. Ọgbà tiwọn wà létí títì kí ènìyàn tó dé Dutse Alhaji, láàárín àwọn tó ń ta òdòdó. Ẹni tó bá ń kọjá á rí òdòdó, á máa lọ. Ẹni tó bá yà wọlé dé ẹ̀yìn, níbi tí àwọn igi àwo tò sí lórí pẹpẹ, á dúró, á sì ki ọwọ́ bọ ẹnu.

Ọ̀gá le. Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ iṣẹ́ tí ọ̀gá ò ní sọ̀rọ̀ sí yín, ẹ gbọ́. Òjò kan rọ̀ ó dá, ọyẹ́ kan fẹ́ ó lọ, mi ò fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí. Omi ni mò ń bu. Bí omi bá sì fi agbára já tó ta iyẹ̀pẹ̀ jáde nínú àwo, màá fi ìka ṣa iyẹ̀pẹ̀ náà padà ní hóró hóró. "Ojú ni iṣẹ́ yìí," ni Ọ̀gá máa ń wí, "ọwọ́ kàn ń tẹ̀ lé e ni." Wọ́n á gbé igi kan síwájú mi láàárọ̀, wọ́n á ní, "Níbo ni iwájú rẹ̀?" Igi ní iwájú, ó ní ẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn. Bí mo bá ṣì í, wọ́n á fi ṣóńṣó wáyà ta mí létí, wọ́n á ní kí n tún un wò.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo bẹ̀rù jù ni "Ta ló ṣe é?" Ọ̀gá gbà pé ọwọ́ mẹ́rin ló ń sọ igi orí àpáta di aràrá: ewúrẹ́, iná, afẹ́fẹ́ àti òkúta. Ewúrẹ́ a máa já orí igi jẹ, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ a rí jákujàku. Iná ìgbẹ́ a máa jẹ ẹ̀gbẹ́ kan, a sì fi dúdú sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ a máa tì í síbì kan. Òkúta a máa fún gbòǹgbò rẹ̀ lọ́rùn. Ẹni tí kò bá mọ ọwọ́ tó ṣe igi, Ọ̀gá ní kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọwọ́ tirẹ̀ kún un.

"Ràímì, ta ló ṣe èyí?"

"Iná ni, Ọ̀gá."

"Iná tí kì í jó àbí? Wo ẹ̀ka rẹ̀, gbogbo wọn ló kẹ̀yìn sí ìlà-oòrùn. Ọyẹ́ ló ń tì í, ìwọ yìí! Bó o bá ríran báyìí lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ, ìyá ìyàwó lo máa gbé lọ sílé."

Òfin kan wà tí Ọ̀gá kì í rú. A kì í wú igi lórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìkí baálẹ̀ ibẹ̀. Iyọ̀ àti obì la máa ń gbé lọ. A ó sọ igi tí a fẹ́, a ó dúró de èsì. A kì í sì í wú u lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún àkọ́kọ́, a ó gé gbòǹgbò apá kan, a ó fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó, a ó lọ. Bí ọdún bá yípo, tí apá yẹn ti yọ gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tuntun, a ó padà wá gé apá kejì, a ó fi àpò ìdọ̀họ wé e pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ ilé rẹ̀. "Ẹni tó ń jí ọmọ gbé ló ń sáré," ni Ọ̀gá máa ń wí. "Àwa ò jalè."

Lórí àwọn àpáta tó wà lápá ọ̀nà Bwari la ti rí àjàgbọn kan, igi eléso kíkan. Mo ti tó ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n ń mú dání nígbà náà. A yí òkúta ńlá kan po, Ọ̀gá sì dúró gbàgì. Wọ́n bọ́ fìlà. Igi náà kò ga ju ìbàdí ènìyàn lọ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ nípọn ju itan mi lọ, èèpo rẹ̀ sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì jáde láti inú pàlàpálá àpáta bí ẹni pé òkúta náà ló bí i.

"Ràímì," ni wọ́n wí jẹ́ẹ́jẹ́, "ta ló ṣe é?"

Mo wò ó títí. Orí rẹ̀ kún fún ọgbẹ́ àtijọ́, ọ̀kan lórí èkejì, wọ́n wú bí oríkèé ìka, gbogbo wọn sì wà ní ìwọ̀n gíga kan náà, àfi ọ̀kan tó wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn igi náà. Ojú ọgbẹ́ náà dán. "Kò jọ ti ewúrẹ́, Ọ̀gá."

"O ti ń ríran. Ọ̀bẹ darandaran ni. Wọ́n ń gé e fún ẹran wọn lọ́dọọdún. Wò ó bí wọ́n ṣe ń bá wa ṣiṣẹ́ láìmọ̀!"

Baálẹ̀ abúlé tó wà nísàlẹ̀ gba iyọ̀, ó gba obì. Ó ní, "Igi yẹn? Kò sẹ́ni tó ni ín. Ẹ gbé e." A wú u bí a ti ń ṣe, ọdún yípo kó tó kúrò níbẹ̀.

Nígbà tó fìdí múlẹ̀ nínú ọgbà tán, Ọ̀gá wò ó jálẹ̀ ìgbà òjò kan. Wọ́n á jẹun níwájú rẹ̀, wọ́n á kírun tán wọ́n á tún padà wá jókòó tì í. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ fún mi pé àṣìṣe igi náà ni orí rẹ̀: ó ga ju ohun tí ìdí rẹ̀ gbé lọ. Wọ́n mú ayùn, wọ́n gé orí náà kúrò. Wọ́n wá mú ẹ̀ka kékeré kan nísàlẹ̀, wọ́n fi wáyà kọ́ ọ sókè láti di orí tuntun. Àyà mi já nígbà tí èyí tí wọ́n gé bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i lẹ́yìn ọdún díẹ̀! Ó dà bí igi tó wà lókèèrè réré, tí ènìyàn ń wò láti orí òkè. Àwọn olówó wá láti Maitama, wọ́n bẹ̀, Ọ̀gá mirí. "Ẹ wo òmíràn. Èyí ni wọn yóò fi rántí mi."

Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, wáyà iná àlòkù la ń rà, a ó jó rọ́bà ara rẹ̀ nù kí kọ́pà inú rẹ̀ lè rọ̀, èéfín rẹ̀ a sì mú wa húkọ́. Alágbẹ̀dẹ ló ń fi irin sípíríǹgì ọkọ̀ rọ irin ìgbẹ́gi wa. Ìdí àgbá epo la ń gé ṣe àwo. Nígbà tó yá, wáyà tó fẹ́lẹ́ tó rọ̀ bí òwú bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti òkè òkun, ẹ̀rọ tó ń lo bátìrì wá ń ṣe ní wákàtí kan ohun tí irin ń fi ọjọ́ pípẹ́ ṣe. Mo fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í bi ọ́ pé ta ló ṣe é.

Ojú Ọ̀gá sì ti ń ṣú ní gbogbo àkókò yìí. Wọn kì í sọ ọ́. Èmi ni mo kíyè sí i pé ìka ni wọ́n ń fi ka ẹ̀ka.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọbìnrin kan wọ ọgbà wa pẹ̀lú ìyá ìyá rẹ̀. Bọ́sẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí Lugbe, òdòdó tó máa gbìn síwájú ilé ló wá rà. Ará Kabba ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn tó ni ilẹ̀ ibí kó tó di olú-ìlú. Bọ́sẹ̀ gbọ́ Yorùbá. Bó bá fẹ́ sọ ọ́ ni yóò máa gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ń rìn lórí òkúta gbígbóná. Kákà ló ń pe ìyá àgbà náà, bí àwọn Hausa ti ń pe òbí àgbà. Hausa ni Kákà ń sọ, èmi àti Ọ̀gá sì gbọ́ ọ. Èdè tiwa ni màá fi sọ ọ́ fún yín.

Bọ́sẹ̀ ń yan òdòdó lọ́wọ́. Kákà ń rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ níwájú pẹpẹ. Wọ́n dé iwájú àjàgbọn náà, wọ́n dúró. Wọn kò wo iwájú rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń wò. Wọ́n yí lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n fi àtàǹpàkò bọ inú ojú ọgbẹ́ àtijọ́ kan tó kù nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó sì wọ ibẹ̀ wẹ́kú.

"Kai," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà, bí ẹni pe ọmọ tó ń sùn, wọ́n ní, "Danjúmà."

Ọ̀gá gbójú sókè. "Sànnu, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, a kì í fọwọ́ kàn án."

Kákà na ọwọ́ síta, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ pẹrẹsẹ nínú afẹ́fẹ́ lókè igi náà. Àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ wọn àti orí igi náà, ènìyàn lè gbé ọmọdé sí i.

"Orí rẹ̀ dà?"

"Orí ta, Màmá?"

"Orí àbúrò mi. Ibí ló ga dé." Wọ́n wo èmi àti Ọ̀gá. "Ta ló gé orí rẹ̀?"

Òdòdó bọ́ lọ́wọ́ Bọ́sẹ̀. Èmi, mo rò pé ọjọ́ ogbó ló ń da ìyá náà láàmú. Àfi ìgbà tí wọ́n jókòó tí wọ́n wá sọ ọ́.

Danjúmà ni àbúrò wọn ọkùnrin kan ṣoṣo. Ibà ló pa á ní kékeré. Ẹ̀bá àpáta ni wọ́n sin ín sí, ìyá wọn sì gbin hóró àjàgbọn sí pàlàpálá tó wà lókè orí rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà kú, orí rẹ̀ dé ìdodo ìyá rẹ̀. Nígbà tí igi náà dàgbà dé ìdodo, ìyá náà mú ọ̀bẹ ìdáná, ó gé orí rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, á gun àpáta lọ, á dúró tì í, á gé ohun tó bá kọjá ìdodo rẹ̀. Ó ní bó bá ga ju bí òun ṣe mọ̀ ọ́n lọ, òun ò ní dá a mọ̀ mọ́. Nígbà tó kú, Kákà gba ọ̀bẹ náà. Wọ́n ń gé e lọ títí ìjọba fi kó wọn lọ sí ilẹ̀ mìíràn, tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn dé ibẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wo Ọ̀gá Múfú. Wọ́n rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí iyẹ̀pẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọ́n wọ̀. "Mo béèrè," ni wọ́n ń wí. "Mo gbé iyọ̀ lọ. Mo béèrè lọ́wọ́ baálẹ̀."

"Baálẹ̀ wo?" ni Kákà wí. "Ẹni tí ẹ bá níbẹ̀, ẹ̀yìn wa ló dé. Báwo ló ṣe máa mọ̀ ọ́n?"

"Ràímì," Ọ̀gá yíjú sí mi, bí ẹni pé èmi ni kí n gbà wọ́n. "Mo ní darandaran ni. Mo fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́ náà. Ó dán. Èmi tí mo ń kọ́ ènìyàn lọ́wọ́ mẹ́rin!"

Gbogbo ìgbà tí a fi ń sọ fún àwọn olówó pé ẹ wá wo ohun tí òkè ṣe, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú ló ṣe é.

Ọ̀gá ní bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn yóò dá igi náà padà síbi tí wọ́n ti wú u. Kákà wò wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín kan tí kò dé ojú. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo ibẹ̀ ná."

Ọkọ̀ Bọ́sẹ̀ ló gbé wa. Mo mọ ọ̀nà náà bí ẹní mowó. Mo ń wá òkè tí mo máa fi sàmì, mi ò rí i. Mo ní kí Bọ́sẹ̀ padà sẹ́yìn, pé a ti kọjá rẹ̀. Kákà ní, "A ò kọjá rẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀." A sọ̀kalẹ̀. Kòtò ló wà níbẹ̀, kòtò tó lè gbé àdúgbò kan mì, omi aláwọ̀ ewé wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tírélà sì ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ jáde lódìkejì. Mo ti rí i kí ìlú yọ níbi tí igbó wà. Mi ò rí i rí kí òkè di ihò.

"Wọ́n fọ́ àpáta náà," ni Kákà wí. "Òun àti ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Mo rò pé igi náà bá a lọ. Mo ti sunkún rẹ̀ tán, mo ti nu ojú mi. Ẹ wá lọ jí ẹkún náà." Wọ́n kọjú sí Ọ̀gá. "Bí ẹ kò bá gbé e, abẹ́ títì ẹnì kan ni ì bá wà báyìí. Mi ò mọ̀ bóyá kí n ṣépè fún yín tàbí kí n kí yín."

Ọ̀gá bọ́ fìlà wọn. "Màmá, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Orí rẹ̀. Ẹ dá orí rẹ̀ padà. Kí n tún rí i ní bó ṣe ga, kí n tó kú."

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ wa, ẹ lè rò pé ohun kékeré ni wọ́n béèrè. Kí àjàgbọn tó lè ga bẹ́ẹ̀, a ní láti gbé e kúrò nínú àwo, kí a tú gbogbo wáyà rẹ̀, kí a jẹ́ kí orí rẹ̀ sá lọ sókè bó ti wù ú. Gbogbo ohun tí Ọ̀gá ti kọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́ wá ni yóò bàjẹ́, ojú wọn kò sì tó ohun tí wọ́n lè fi ṣe irú rẹ̀ mọ́. Kákà náà ti gbó. Àjàgbọn kì í sì í yára. Bó bá pẹ́ jù, ọwọ́ Ọ̀gá àti ti Kákà ló máa ṣófo.

"Ọ̀gá," ni mo wí nígbà tí a délé, "a lè wá òmíràn tó ga bẹ́ẹ̀, ká fún wọn. Èyí ni ẹ ní kí wọ́n fi rántí yín."

"Ràímì, bí ọmọ rẹ bá sọnù, tí mo gbé ọmọ ẹlòmíràn fún ọ torí pé wọ́n ga bákan náà, ṣé wàá gbà?"

Ọ̀gá mú ohun tí a fi ń gé wáyà, wọ́n fi ìka wá ibi tí kọ́pà wà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé e jábọ́. Wọn kò jẹ́ kí n ràn wọ́n lọ́wọ́.

A kan àpótí fífẹ̀, a fi ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ sí iyẹ̀pẹ̀, a gbé igi náà sínú rẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń pa á dáadáa. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọ̀mùnú kan yọ lókè orí rẹ̀, ó ń lọ sókè gbọnrangandan. Inú wa dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo dé ọgbà, mo kígbe. Ọ̀gá fi ọ̀pá wá ọ̀nà jáde. "Kí ló dé?"

"Wọ́n ti jẹ orí rẹ̀, Ọ̀gá!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́ náà, wọ́n yí ìka yí i ká. "Jákujàku," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bú sẹ́rìn-ín tí omi fi ń dà lójú wọn. "Ó dára o. Lọ́tẹ̀ yìí, ewúrẹ́ ni lóòótọ́!" Mo bá wọn rín in, inú mi sì ń bàjẹ́, nítorí ọdún kan gbáko ni ewúrẹ́ yẹn jẹ.

A ṣe ọgbà yí i ká, a tún bẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọọdún, Bọ́sẹ̀ á gbé Kákà wá. Kákà á dúró ti igi náà, wọ́n á wo ìdodo ara wọn, wọ́n á mirí, wọ́n á lọ. Ó di ọdún kan, Kákà dúró tì í, wọ́n ní, "Ó ti pé!"

Ọ̀gá fọwọ́ wọn orí igi náà. "Kò tíì pé, Màmá. Ẹ má bínú o, ẹ̀yin lẹ tẹ̀. Ìdodo yín ti sọ̀kalẹ̀."

"Kai! Ta ni ìdodo rẹ̀ sọ̀kalẹ̀? Ẹni tí kò ríran ló ń bá mi wo ìdodo!"

"Mi ò ríran, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ibi tí ohùn yín ti ń wá. Ó ń bọ̀ nísàlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Kákà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Wọ́n wò yí ká, wọ́n fa Bọ́sẹ̀ lọ́wọ́. "Dúró síbí. Bó ṣe ga yìí ni ìyá mi ga." Láti ọjọ́ yẹn ló ti di pé ara Bọ́sẹ̀ la fi ń wọn igi náà. Á dúró, á mí sínú, á ní, "Ẹ máa wò ó kíá, Bàbá, mo ti jẹun yó." Lọ́dún kan, oyún wà nínú rẹ̀, ìdodo ti yọ síwájú bí ọsàn kékeré, a rẹ́rìn-ín títí, a ní ìwọ̀n ọdún yẹn kò sí nínú ìṣirò.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, àárẹ̀ mú Kákà gan-an. Bọ́sẹ̀ ránṣẹ́ pé wọn kò jẹun dáadáa mọ́. Ọ̀gá ní kí n wo igi náà. Mo wò ó, mo ní ó kù díẹ̀. Wọ́n ní kí n tún un wò. Mo ní, "Ọ̀gá, wíwò mi kò lè mú un ga." Wọn kò fi wáyà ta mí létí. Wọ́n kàn jókòó, ọwọ́ wọn wà lórí ìdí igi náà bí ẹni tó ń gbọ́ bí ọkàn ṣe ń lù.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n gbé Kákà wá, ọmọ Bọ́sẹ̀ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bọ́sẹ̀ tú ọmọ kalẹ̀, ó dúró ti igi. Mo gbé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti orí igi lọ sí ara rẹ̀. Ìdodo gan-an ló bọ́ sí. Mo fa ọwọ́ Ọ̀gá, mo gbé e lé ọ̀pá náà. Wọ́n fi ìka tọ ọ̀pá náà lọ, wọ́n sì mọ̀.

Kákà sún mọ́ ọn. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé orí rẹ̀, bí a ti ń gbọ́wọ́ lé ọmọ lórí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí àlàfo lábẹ́ ọwọ́ náà. "Danjúmà," ni wọ́n wí. "Sànnu. Sànnu o." Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́.

Ọ̀gá na àlùmọ́gàjí sí wọn. "Ọwọ́ yín ló yẹ kó gé e báyìí, Màmá. Kó má bàa kọjá."

Kákà gba àlùmọ́gàjí. Wọ́n yà á sí ọ̀mùnú tó ga jù. A ń retí. Ọwọ́ wọn dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pa á dé, wọ́n sì dá a padà fún Ọ̀gá.

"Ẹ jẹ́ kó dàgbà."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Ọ̀gá ní, "Màmá?"

"Ìyá mi kò jẹ́ kó dàgbà. Èmi náà kò jẹ́ kó dàgbà. Mo ti rí i bó ṣe ga, ojú mi ti gbà á. Kí la tún ń dá a dúró fún? Ẹ lọ gbìn ín sílẹ̀, kó di ọkùnrin."

Ọ̀gá Múfú bú sẹ́kún níwájú gbogbo wa. Mi ò tíì rí i rí kí wọ́n sunkún, mi ò sì mọ ibi tí màá kọjú sí.

Ilé Bọ́sẹ̀ ní Lugbe la gbìn ín sí. Kákà kú kí òjò tó dé. Ọ̀gá lo ọdún díẹ̀ sí i kí àwọn náà tó kú, wọ́n ti fọ́jú pátápátá, wọ́n ṣì ń bi mí pé, "Ó ti dé ibo?"

Ohun tó gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀ nìyí. Ìjọba gba ilẹ̀ ọgbà wa, wọ́n fi fẹ títì. Ọmọbìnrin Ọ̀gá kó àwọn igi àwo tó kù, ó sì mọ̀ wọ́n tọ́jú ju èmi lọ báyìí. Ọmọ iṣẹ́ mi gba ẹ̀rọ àti wáyà. Èmi ni Ọ̀gá fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀ fún, mo sì ti gbé e fún alágbẹ̀dẹ pé kó pọ́n ọn kí n fi máa rẹ́ irùngbọ̀n mi. Bọ́sẹ̀ ló jogún àjàgbọn.

Ní oṣù tó kọjá, mo lọ kí i. Ọmọ rẹ̀ wà lókè lórí ẹ̀ka, ó ń já èso jù sí mi, èso kíkan tó ń pa eyín. Igi náà ti ju òrùlé lọ. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ṣiṣẹ́, bíbẹ̀rẹ̀ ni mo ń bẹ̀rẹ̀ wo igi, ẹ̀yìn mi tó tẹ̀ yìí, ibẹ̀ ló ti tẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ọrùn ló dùn mí, nítorí ojú òkè ni mo ń wò.